Àdúgbò Tí Ara Gbogbo Ènìyàn Le

Ẹ sún mọ́bí. Ẹ tún sún díẹ̀ sí i, ilẹ̀ ṣì wà fún ìdí mẹ́wàá. Ẹni tó gbé ìkòkò kaná, kó fa igi sẹ́yìn kó máa bọ̀. Ẹni tí ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sáàárín wa, gbogbo wa la ó jọ rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ìjàpá, kì í ṣe ti ọba kan láyé ọjọ́un. Ọ̀rọ̀ ara ni, ara tí olúkúlùkù wa gbé wọ̀ bí ẹ̀wù, tí kò sì sí òmíràn nínú àpótí tí a lè fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bá mi gbe orin:

Ẹ bá n gbé e, kó lè fúyẹ́,
Ẹrù ara mà wúwo o!
Èyí tó fẹ́ ṣẹ́ ẹnìkan lọ́rùn,
Bó dórí igba ènìyàn, ìyẹ́ ni.

Ohùn yín dùn. Ó yá.

Ìyá Alágbàfọ̀ ń sá ṣẹ́ẹ̀tì funfun kejìdínlógún sórí okùn nígbà tí àgbàlá yí po mọ́ ọn lójú. Kò ṣubú. Ó di òpó okùn mú, ó dúró bí ẹni tó ń ronú ibi tó fi ọṣẹ sí. Etí rẹ̀ ń dún wíín-wíín bí ẹ̀fọn tó há sínú ìgò. Nígbà tí ilẹ̀ padà sáyè ara rẹ̀, ó fi pẹ́ẹ̀gì há èjìká ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Dandan ni kó kọrin. Bí àwọn ará ilé kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀, wọn á ní kí ló ṣe Màmá. Bí wọ́n bá sì ti ń gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tí yóò yọjú.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó wà ní ìkóríta ló sọ fún un, tó sì fún un ní oògùn kan, róbótó, funfun, kò tóbi ju bọ́tìnnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹyọ kan láràárọ̀, títí ayé. Títí ayé! Ẹnu ló rọrùn láti fi sọ ọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí èyí tó kẹ́yìn ti tán. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbowó ní ilé ìwòsàn yẹn. Ẹni tí tọwọ́ rẹ̀ kò bá pé, á yí padà, á máa ka igi lọ sílé. Ìyá Alágbàfọ̀ ti ka igi náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò wí fún ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe pé kò lẹ́nìkan. Àkọ́bí rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Jórinjórin nítorí iṣẹ́ irin tó ń jó mọ́ra, ń gbé yàrá òdìkejì àgbàlá. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, Onídìrí, fi yàrá iwájú ṣe ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn àga ìdìrí níbẹ̀ náà ló ń sùn sí. Ilé kún dẹ́nu. Ṣùgbọ́n ènìyàn a máa wà nínú odò kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́. Bó bá sọ fún Jórinjórin, ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò tà, láì tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Bó bá sọ fún Onídìrí, ẹkún ọmọ náà yóò dé ìkóríta ṣáájú nọ́ọ̀sì. Nítorí náà ó gbé e mì. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ọjọ́ tí à ń wí yìí ni ọjọ́ ìpàdé. Ìjọba ti ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan fẹnu ara rẹ̀ sọ bí yóò ṣe máa sanwó ìwòsàn. Àdúgbò tó bá gbà láti da owó pọ̀, wọn kò ní gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ ará ibẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀: aláìsàn á wọlé, á gba oògùn, á máa lọ. Èyí tí kò bá gbà, kí kálukú máa gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ọwọ́ ni wọn ó nà, ohun tí wọ́n bá sì nà lónìí, ọdún kan gbáko ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí oṣù tuntun wọlé. Ìyá Alágbàfọ̀ ti wo ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, ó rò pé òun lè fi eyín di í mú. Ó wo ọdún kan gbáko, kò rí òdìkejì rẹ̀.

Ilé rẹ̀ gan-an ló sì kàn. Ìpàdé a máa yí láti ilé dé ilé, ilé tó bá yí kàn ni yóò gbọ́únjẹ. Ó ti rẹ ẹ̀wà sínú omi, ó ti fọ ìkòkò ńlá, ó ń sáré kí aṣọ oníbàárà gbẹ kí èrò tó dé.

Ibi tó ti ń nu omi kúrò lọ́wọ́ ni Akọ̀wé ti wọlé, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan láti ọ́fíìsì ètò ìlera, ìwé orúkọ tó tóbi ju àyà rẹ̀ lọ wà lábíyá. Ilé dé ilé ló ń lọ láti mọ ẹni tó ń ṣàìsàn, kí àdúgbò lè mọ ohun tí wọ́n ń gbèrò lé lórí. Ọmọ tí a kọ́ ni. Orúnkún méjèèjì ló fi kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. O mà tètè jí."

"Ṣé dáadáa la jí, mà?"

"Dáadáa ni, a dúpẹ́."

"Ara ńkọ́?"

"Ara le, ọmọ mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

"Àwọn ará ilé ńkọ́, mà?"

"Gbogbo wọn wà. Ara wọn le."

Akọ̀wé dìde, ó gbọn eruku orúnkún, ó ṣí ìwé, ó kọ nǹkan sí ìlà mẹ́ta wéréwéré, ó pa ìwé dé.

"Ẹ ṣé gan-an, mà. Ó ti parí."

"Kí ló parí?"

"Ìbéèrè, mà. Mẹ́ta péré ni ọ́fíìsì fún wa: ṣé dáadáa ni, ara ńkọ́, ará ilé ńkọ́. Ẹ ti dáhùn ẹ̀ pátápátá. Àwọn míì á ní kí n kọ́kọ́ jókòó, kí n jẹ búrẹ́dì. Tiyín yá!"

Ìyá Alágbàfọ̀ la ẹnu. "Ọmọ mi, dúró ná—"

"Akọ̀wé! Akọ̀wé ò!" Aláròyé ni, aládùúgbò tó wà ní òdìkejì ògiri, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí kò ṣe ìgbà tó bá ń sùn, àwọn kan tilẹ̀ ní ó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. "Ṣé torí pé ògiri mi kúrú lẹ ṣe fò mí? Ẹ máa bọ̀, mo ti ń dúró láti ìgbà tí ojúmọ́ ti mọ́!"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ṣe "ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ti kọjá. Láìpẹ́, Ìyá Alágbàfọ̀ ń gbọ́ wọn láti orí ògiri.

"Ara ńkọ́, mà?"

"Ara le o! Koko bí ọta!"

Aláròyé ló sọ bẹ́ẹ̀ o, tí orúnkún rẹ̀ ń ké kíún-kíún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo láti ọdún mẹ́ta. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ta ni í fi àìsàn dáhùn ìkíni? Ẹni tó kí ọ láàárọ̀ kò ní kí o wá tú ẹrù rẹ. Ẹ̀bùn ló gbé wá, ìwọ náà a sì dá a lóhùn ẹ̀bùn. Bí a ti bí wa nìyẹn, bí a ti ń tọ́ ọmọ nìyẹn. Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì kọ ìbéèrè wọn, wọn kò mọ̀ pé orin ni wọ́n kọ, orin tí gbogbo ayé ti mọ ègbè rẹ̀.

Ilẹ̀kùn òdìkejì àgbàlá ṣí. Jórinjórin jáde, tówẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ojú pọ́n bí ata tó gbó.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Ara ńkọ́?" Ó ti kọjá rẹ̀ dé ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó sọ ọ́ tán.

"Ara le."

"Ẹ ṣeun." Ó bu omi sójú, ó pòṣé. Omi kò tu ojú náà lára.

Onídìrí ti gbé àpótí jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa rántí na ọwọ́ yín sókè lọ́sàn-án yìí o. Ọ̀nà kẹta, ti kí ẹni tó ń rí púpọ̀ san púpọ̀."

"Màá nà án. Tí ẹyẹ bá wá jẹ ìrẹsì yẹn, màá na ọwọ́ méjèèjì, màá fi lé e."

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

"Ta ló bẹ̀rẹ̀? Kí n máa jó irin látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí iná máa ta sí mi lójú, kí wọ́n wá máa yọ nínú ohun tí mo rí láti fi tọ́jú ẹ̀dọ̀ ọ̀mùtí? Ẹni tó ń ṣàìsàn ni kó sanwó àìsàn ẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa ló ń ra oúnjẹ."

"Àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú ikọ́ ńkọ́? Àwọn náà ni wọ́n mu ọtí nínú oyún?"

"Kí àwọn òbí wọn ṣiṣẹ́!"

"Bó bá wá jẹ́ ilé wa ńkọ́?"

Jórinjórin fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ka. "Ilé wa? Ta ló ń ṣàìsàn nílé wa? Ìwọ ni? Èmi ni? Wo Màmá. Wò wọ́n! Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, wọ́n ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì méjìdínlógún kí n tó lajú. Ìdílé wa kì í ṣàìsàn. Irin ni wá."

"Irin ló ń ṣomi lójú bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Èéfín ni."

"Ẹ ẹ̀ tíì jó nǹkan kan láti àná, Bọ̀ọ̀dá. Èéfín ibo? Ti ọ̀run?"

"Màmá, ẹ gbọ́ ọmọ yín o, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n Ìyá Alágbàfọ̀. Ó jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé tí kò fẹ́ wọlé. Ọmọ òun méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan aṣọ, àárọ̀ dára. Báwo ni ènìyàn ṣe ń ju òkúta sínú irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀?

"Ẹ má jà," ló sọ. "Ìrẹsì yẹn lókùúta púpọ̀. Ṣà á dáadáa, kó má ká ẹni ẹlẹ́ni léyín."

Ó gbé ìkòkò kaná, ó sì gbé orin lé e.

Ọ̀sán pọ́n. Wọ́n ká okùn aṣọ sókè, wọ́n to àga láti ilé mẹ́rin, àgbàlá kún. Bàbá Oníbàtà ni olórí àdúgbò, ọkùnrin rírù kan tó ń rán bàtà ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Ó fi òòlù ìkanbàtà kan bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀mẹta, ó wúkọ́, ó nu ẹnu, ó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ará, a kú ìjókòó. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ìkíní, ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí kálukú máa sanwó tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìkejì, ká dáwó, iye kan náà ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta, kí wọ́n máa yọ ọ́ nínú ohun tí kálukú ń rí, kí ẹni tó ń rí púpọ̀ san púpọ̀, kí ẹni tó ń rí díẹ̀ san díẹ̀, kí ẹni tí kò rí nǹkan kan má san. Àti olówó àti aláìní, oògùn kan náà ni wọ́n á jọ máa gbà. Ó di ọwọ́ yín."

Aláròyé ti dìde kí Bàbá tó jókòó tán. "Èmi ní ọ̀nà kẹrin!"

"Mo mọ̀ pé wàá ní in."

"Ẹ gbé e lé orí ọtí àti sìgá! Kí àwọn tó ń ba ara jẹ́ máa sanwó ara!"

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Jórinjórin gbé ọwọ́. "Mo fẹ́ bi Aláròyé léèrè. Bí àwọn ọ̀mùtí bá wá ronú pìwà dà ńkọ́? Ṣé a ó máa lọ bẹ̀ wọ́n ni, pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ìgò kan sí i, ọmọ wa ń wúkọ́?"

Ẹ̀rín gba àgbàlá. Aláròyé pàápàá rẹ́rìn-ín, ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí orúnkún.

"Onílé Gíga ránṣẹ́," ni Bàbá Oníbàtà wí. "Kò ráyè wá. Ó ní ohunkóhun tí a bá ṣe, òun fara mọ́ ọn, kó ṣáà ti jẹ́ iye kan náà ní ilé kọ̀ọ̀kan."

"Áà, olóore!" ni Onídìrí kígbe láti ìdí àwo. "Ilé alájà mẹ́rin àti yàrá tí ènìyàn ń fi ẹ̀yìn wọ̀, iye kan náà! Ẹ bá wa kí i kú ìnáwó!"

"Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì kù," ni Jórinjórin sọ, ó dìde. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́; bó bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ inú oyún a dákẹ́. "Ta ni yóò di àpò náà mú? Ẹ̀yin náà ẹ mọ ọwọ́ tó máa ń wọ irú àpò bẹ́ẹ̀. Èmi kò gba owó oṣù. Irin ni mo ń jó, ọjọ́ tí irin kò bá sí, mi ò jẹun. Wọ́n á yọ tèmi nítorí pé mo wà nítòsí, wọ́n á fi ti Onílé Gíga sílẹ̀ nítorí pé ajá rẹ̀ ń gbó."

Ọ̀pọ̀ orí mì. Òótọ́ ló sọ.

Bàbá Oníbàtà ní, "Ọmọ mi, o gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn."

"Ta ló ń jẹ kòkòrò, Bàbá? Akọ̀wé, ẹ gbà mí láyè, ẹ ka ohun tó wà nínú ìwé yín kí gbogbo wa gbọ́."

Akọ̀wé ṣí ìwé. "Ilé mọ́kàndínlógójì. Ènìyàn igba ó lé mẹ́rìnlá. Àwọn tí ara wọn le: igba ó lé mẹ́rìnlá. Àwọn tí ara wọn kò le…" Ó fi ìka wá ìlà náà dé ìsàlẹ̀. "Kò sí."

Ibẹ̀ ni ikọ́ ti gbé Bàbá Oníbàtà. Ó wú u, wú u, wú u, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ẹnikẹ́ni kò wo ojú ẹnìkejì.

"Ẹ ti gbọ́!" ni Jórinjórin wí. "Àdúgbò tí ara gbogbo ènìyàn le! Ta la fẹ́ dáwó fún nígbà náà? Ẹ má lọ jìnnà, ẹ wo ìyá mi. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín."

Ìyá Alágbàfọ̀ wà ní ìdí ìkòkò, ó fi ṣíbí ìrokà kó ìrẹsì àti ẹ̀wà papọ̀. Ó dìde. Igba ojú yí sí i, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí a ti ń wo igi tó ti wà nílẹ̀ kí a tó bí wa. Ojú ọmọ rẹ̀ ń tàn. Ó ń fi í yangàn. Kò sí ìyá tí kò ní fẹ́ kí ọmọ òun wo òun bẹ́ẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín nísinsìnyí, tó tẹrí ba, tó padà sídìí ìkòkò, ọ̀rọ̀ tán: ọmọ borí, ọwọ́ kò ní nà, ọdún kan gbáko.

Etí rẹ̀ ń dún wíín.

"Ara mi ò le," ló sọ.

Ìkòkò ń hó lẹ́yìn rẹ̀, kùtù-kùtù-kùtù.

Jórinjórin rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ má bá wa ṣàwàdà báyìí."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Oògùn mi ti tán láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo padà. Láàárọ̀ yìí, òpó okùn yẹn ló dá mi dúró, ì bá jẹ́ pé ilẹ̀ lẹ bá mi."

Àwo bọ́ lọ́wọ́ Onídìrí. Kò fọ́, rọ́bà ni, ó yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ Aláròyé. Aláròyé fi ẹsẹ̀ dá a dúró.

"Màmá." Ohùn Jórinjórin ti di ti ọmọdé. "Níṣojú gbogbo ayé? Ẹ ẹ̀ sọ fún mi! Àárọ̀ wo ni mi ò bi yín? Ojoojúmọ́ ni mò ń ní, ara ńkọ́!"

"Ò ń kí mi ni, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tú okùn bàtà ọmọ. "O ò bi mí rí."

Jórinjórin jókòó. Kì í ṣe pé wọ́n ní kó jókòó.

Akọ̀wé wo ìwé rẹ̀, ó wo Ìyá Alágbàfọ̀, ojú tì í. "Màmá, nígbà tí èmi náà bi yín láàárọ̀…"

"Ìwọ náà kí mi. O sì kúnlẹ̀ dáadáa. Kí Ọlọ́run bá wa ṣìkẹ́ àwọn tó kọ́ ọ."

Bàbá Oníbàtà ló kọ́kọ́ gbé orí. Ó wúkọ́ tẹ́rùn, kò bò ó mọ́. "Akọ̀wé, ilé kejìlá. Ilé mi nìyẹn. Bá mi pa 'ara le' yẹn rẹ́. Mi ò sùn ní ìdùbúlẹ̀ láti oṣù mẹ́ta."

"Orúnkún mi!" Aláròyé ti dìde. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, méjèèjì! Ọ̀kan ń gé mi, ọ̀kan ń jó mi! Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ló wà nílé mi, bí òkè ni mo ṣe ń gùn ún!"

"Àtọ̀gbẹ nìyí lára mi."

"Gìrì ń gbé ọmọ mi, Akọ̀wé, ẹ kọ tọmọ mi."

"Ojú òsì mi ti kú, ọ̀tún nìkan ni mo fi ń wò yín."

Ha! Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo alángbá dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sáré bo Akọ̀wé, wọ́n ń fa ìwé, wọ́n ń ṣí ẹsẹ̀ aṣọ, wọ́n ń fi ibi tó ń dùn wọ́n han ara wọn, wọ́n ń pariwo bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ti gbé e pamọ́ fún ọdún márùn-ún ń bá ẹni tó ti gbé e pamọ́ fún mẹ́wàá díje.

Ìyá Alágbàfọ̀ dúró níbi tó wà, ṣíbí ìrokà lọ́wọ́. Èrò gba ọ̀tún rẹ̀ kọjá, èrò gba òsì rẹ̀ kọjá. Ó dà bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí òjò ń pa, tí gbogbo wọn wọlé, tí wọ́n ń yáná, tí kò sì sẹ́ni tó rí i pé ẹni tó ṣílẹ̀kùn ṣì wà níta. Ẹnìkan kò bi í orúkọ oògùn. Ẹnìkan kò ní kó jókòó. Ó padà sídìí ìkòkò, nítorí pé ìsàlẹ̀ ti fẹ́ jóná.

Nígbà tí wọ́n nawọ́, ọ̀nà kìíní rí ọwọ́ mẹ́rin. Èkejì rí ọwọ́ méjì, ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí Onílé Gíga rán wá. Ẹ̀kẹta kò ṣeé kà. Bàbá Oníbàtà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ojú rí i. Wọ́n yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò máa wo inú àpò náà lóṣooṣù. Jórinjórin ni wọ́n fi ṣe ẹ̀kẹta, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ sọ pé olè lè wọ ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún látìgbà tó ti jókòó. Nígbà tí wọ́n tún wẹ̀yìn, kò sí lórí àga mọ́.

Wọ́n jẹun. Ẹ wo oúnjẹ! Ìrẹsì tó dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀wà tó rọ̀ bí ìrọ̀rí, ọbẹ̀ tó ń tàn lójú àwo. Ẹni tó ní òun kò jẹun púpọ̀ bu ẹ̀ẹ̀mẹta. Aláròyé gbé àwo sórí orúnkún tó ń ké, ó gbàgbé pé ó ń ké. Wọ́n ń fi ẹnu tó kún kọrin pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n ń fi ṣíbí lu àwo sí i.

"Ìyá Alágbàfọ̀, ọwọ́ yín ò ní sé o!"

"Màmá, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ lónìí, wúrà ni!"

"Oúnjẹ yìí ló ju ọ̀rọ̀ lọ! Ẹ bá n bu ìsàlẹ̀ ìkòkò."

Ó ń bù fún wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn, a kò ní purọ́. Ohun tó fẹ́ ló rí. Ó kàn dà bíi pé inú dídùn náà wà ní yàrá kejì, tí òun ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri.

Oòrùn ti rọ̀ sẹ́yìn òrùlé nígbà tí Jórinjórin wọlé padà. Àwọn èrò ń gbé àga wọn lọ ní méjì-méjì. Ó kọjá láàárín wọn, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìdí iná, ó na ọwọ́. Káàdì oògùn kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé e ní ìdajì.

"Ẹyọ márùn-ún ni," ló sọ. "Nọ́ọ̀sì ní òun kì í gé káàdì. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ìyá rẹ̀ gbà á.

"Gbogbo ohun tó wà lápò mi nìyẹn, Màmá. Lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti gbà á. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n dé ibi tí àga wà." Ó fi apá nu ojú. Èéfín wà nítòsí, a kò mọ ohun tó nù. "Ẹ lo ọ̀kan, kẹ́ ẹ fo ọjọ́ kan. Ẹ lo ọ̀kan, kẹ́ ẹ fo ọjọ́ kan. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé yín dé oṣù tuntun."

"Á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi dé ibẹ̀."

Ìyá rẹ̀ bu oúnjẹ fún un. Jórinjórin jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìfọṣọ, ó yí ẹ̀yìn sí i díẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu àwo. Ebi ti pa á láti àárọ̀.

"Ó dùn, Màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Ó gbé àwo rẹ̀ sínú agbada, ó dúró díẹ̀, ó ré àgbàlá kọjá sí yàrá rẹ̀. Onídìrí ti gba oníbàárà kan sórí àga, ó ń sọ ìtàn ìpàdé náà fún un, ó ń ṣe ohùn ìyá rẹ̀, ohùn náà sì dùn. Ní òpópónà, Aláròyé ṣì ń kọrin lọ. Bàbá Oníbàtà ń rẹ́rìn-ín, ó ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọdé ti sùn léjìká ìyá wọn, ikùn wọn le gbandi. Gbogbo ilé mọ́kàndínlógójì ló yó lọ́jọ́ yẹn, tí inú wọn sì dùn, tí kálukú rìn lọ sílé pẹ̀lú ọpẹ́.

Ìyá Alágbàfọ̀ bu omi sínú ife. Ó tẹ oògùn kan jáde, ó jù ú sẹ́nu, ó gbé orí sókè, ó gbé e mì.

Ó ku mẹ́rin.